Ẹṣin Tó Wọlé ní Funfun, Tó Jáde ní Dúdú

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní Sakété, wọ́n bá ojú ẹsẹ̀ ẹṣin lórí ibojì Ìjì. Orí ibojì gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé ẹṣin, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó sì forí lé ọ̀nà Pobè. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó ń bọ̀. Gbogbo wọn ló ń lọ.

Àwọn ará àdúgbò dúró jìnnà lẹ́bàá ògiri. Kò sẹ́ni tó pariwo. Àwọn abiyamọ di ọmọ wọn mọ́ra, wọ́n ń wo ilẹ̀.

Ìjì ni ẹṣin Olóyè Raphaël, ẹṣin pupa tó máa ń gùn ní ọjọ́ ọdún ìdílé wọn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ibà mú un, tó ń gbọ̀n, tó ń rù, tó sì ṣubú kú. Abẹ́ igi gúáfà ni wọ́n sin ín sí. Basile, dókítà ẹran, sọ pé májèlé ni. Wọ́n rí ewé gígún kan nínú oúnjẹ ẹṣin náà, wọ́n sì mú Fẹ̀sọ̀jayé, ọkùnrin tó ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí i. Àtìmọ́lé ní Pobè ló wà báyìí. Ọjọ́ Ẹtì ni òní. Ní ọjọ́ Ajé, wọn yóò gbé e lọ síwájú adájọ́, ohun gbogbo tó wà nílẹ̀ sì ń tọ́ka sí ẹ̀wọ̀n.

Huguette, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n fi ẹjọ́ náà sí lọ́wọ́, lóṣòó lẹ́bàá ibojì. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ọmọ Ita-Djèbou, tí ewú ti yọ níwájú orí rẹ̀. Ó máa ń jẹ ẹ̀pà síse bó bá ń ronú. Lónìí, kò fọwọ́ kan ẹ̀pà rẹ̀.

Òjò àkọ́kọ́ nínú ọdún ló rọ̀ ní ìdájí. Gbogbo àgbàlá ló tutù. Ṣùgbọ́n lórí ibojì náà, ilẹ̀ kan wà tó gbẹ, tó gùn tó ẹní tí ènìyàn lè sùn sí. Omi sì dúró yí ibi gbígbẹ náà ká nínú kòtò kéékèèké. Omi funfun ni, bíi wàrà.

Pacôme, ọlọ́pàá tó ń gbé e lórí alùpùpù, bẹ̀rẹ̀ sí etí rẹ̀. "Ṣẹ́fù, ẹ jẹ́ ká lọ. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá mọ́. Ó jáde, kò wọlé."

"Ta ló rí i?" Huguette béèrè.

Félicité ni, ìyàwó Olóyè. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń ṣàìsàn lọ. "Mo jí ṣe àdúrà. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nínú àgbàlá, mo yọjú lójú fèrèsé. Ẹṣin funfun kan ń kọjá. Funfun báláú, títí dé ìpéǹpéjú rẹ̀. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Lẹ́yìn náà òjò dé. Nígbà tí òjò dá, mo tún gbọ́ ọ. Ẹṣin dúdú ló ń jáde lọ."

"Ṣé ẹṣin méjì ni?"

"Ẹyọ kan ni mo gbọ́, ìyá mi. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì nílẹ̀. Ṣáá. Ṣáá. Bó ṣe wọ́ ọ wọlé náà ló ṣe wọ́ ọ jáde."

Olóyè Raphaël jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹṣin, ọkùnrin ńlá, ojú rẹ̀ ti wú. "Ìjì wá gbẹ̀san ni. Pobè ló ń lọ, níbi tí Fẹ̀sọ̀jayé wà. Ẹ jẹ́ kó lọ bá a."

Huguette ti ìka bọ omi funfun náà, ó fi kan ahọ́n.

"Ṣẹ́fù," Pacôme sọ, "ẹ ti fi kan ẹnu."

"Ó dà bí ìgbà tí èèyàn lá ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Pacôme, bí o bá dúró sójú kan nínú òjò, ibo ni yóò gbẹ?"

"Èmi ò ní dúró, Ṣẹ́fù. Mo máa sá wọlé."

"Ẹṣin yìí kò sá. Ó wọlé nígbà tí ilẹ̀ ṣì le bí àpáta, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ojú ẹsẹ̀ ìwọlé. Ó dúró síbí, òjò ń rọ̀ lé e lẹ́yìn, abẹ́ ikùn rẹ̀ sì gbẹ. Eruku funfun ló wà lára rẹ̀. Òjò fọ̀ ọ́ sílẹ̀, òun lẹ rí yìí. Nígbà tí òjò dá, ilẹ̀ ti rọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ ní àwọ̀ ara rẹ̀. Ẹṣin alààyè ni."

Àwọn tó dúró lẹ́bàá ògiri mí kanlẹ̀. Pacôme náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Kí wá ni ẹṣin alààyè ń ṣe lórí ibojì, nínú òjò, títí òjò fi dá?"

Huguette dìde kúrò lẹ́bàá ibojì. Ohun tó ń dẹ́rù ba òun náà nìyẹn.

*

Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ẹjọ́ yìí fún un ni ohun kan ti ń dà á láàmú. Kí Ìjì tó kú, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ já, dókítà sì fún un ní abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ní ó jẹ́ tuntun. Ẹsẹ̀ náà san. Lẹ́yìn náà ni ibà bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló gbàgbé abẹ́rẹ́, wọ́n dojú kọ ewé.

Ó lọ bá Grâce, obìnrin tó ń mójú tó ìlera ẹran ọ̀sìn fún ìjọba ní Pobè.

"Inú ọ̀rá ẹran ni irúgbìn kéékèèké kan wà tí ojú lásán kò lè rí," Grâce wí. "Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ó lè di iṣan, ó lè di egungun. Bí wọ́n bá gé ọ̀rá díẹ̀, tí wọ́n gbin irúgbìn inú rẹ̀ ní lábò, ilé ìwádìí wọn, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ó pọ̀ sí i, wọ́n lè fún un sí ibi tó já."

"Ṣé òfin gbà á?"

"A fún Dókítà Basile láyè, ṣùgbọ́n pẹ̀lú àdéhùn kan. Ohun tó bá gé lára ẹṣin kan, ara ẹṣin yẹn náà ni kó dá a padà sí. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ abẹ lásán ni lójú òfin. Ṣùgbọ́n bó bá gé e lára ẹṣin kan, tó fi sí ara òmíràn, ó ti di oògùn. Oògùn kò gbọ́dọ̀ jáde láìgba àṣẹ. A ní láti yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹṣin tó ti ara rẹ̀ wá wò, ká mọ àrùn tó ní."

"Ọ̀rá ẹṣin kan náà, abẹ́rẹ́ kan náà. Kí ló dé tí òfin fi yà wọ́n bẹ́ẹ̀?"

"Ẹṣin kò lè kó àrùn ran ara rẹ̀, Màmá."

*

Ilé ìwòsàn Dókítà Basile mọ́ tónítóní. Fìríjì kan ń kùn ní igun yàrá bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú. Dókítà náà wẹ ọwọ́ rẹ̀ kó tó jókòó, ó sì tún wẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ tán.

"Mo ti sọ ohun gbogbo fún àwọn ọlọ́pàá," ó wí.

"Ẹ sọ ọ́ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ni," Huguette dá a lóhùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún èmi láti ẹ̀yìn wá. Ọpọlọ mi kò yá, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀."

Basile wo Pacôme. Pacôme gbé èjìká sókè, bí ẹni tó ti rí i rí.

"Ẹṣin náà kú. Kó tó kú, ó gbóná, mo sì rí ewé nínú oúnjẹ rẹ̀. Kó tó gbóná, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti san. Kó tó san, mo fún un lábẹ́rẹ́."

"Kí ẹ tó fún un ńkọ́?"

"Mo gbé irúgbìn náà jáde nínú fìríjì yìí."

"Kí ẹ tó gbé e jáde?"

"Mo lọ sí Sakété, mo gé ọ̀rá lára rẹ̀."

Huguette bó ẹ̀pà kan. Ó jẹ ẹ́. "Lábò ńkọ́, Dókítà?"

"Lábò?"

"Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n fi ń gbin irúgbìn náà. Ẹ fò ó."

"Ẹ ti dà mí rú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn yín yìí." Basile tún dìde lọ wẹ ọwọ́. "Cotonou. Mo gbé ọ̀rá náà lọ sí Cotonou, wọ́n gbìn ín, mo gbé e padà wá sínú fìríjì."

"Níbo lẹ ti gé e lára ẹṣin?"

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ìrù, lápá òsì, níbi tí ọ̀rá pọ̀ sí. Àpá rẹ̀ gùn tó ìka mi yìí."

"Ta ló wà níbẹ̀?"

"Mo lé wọn jáde. Iṣẹ́ tó gba ìmọ́tótó ni. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ hú òkú náà, ẹ wo àpá rẹ̀."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú tó bẹ́ẹ̀ tí Huguette fi wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí wọ́n jáde, ó rí ọkọ̀ dókítà lábẹ́ igi. Ọkọ̀ dúdú ni. Ṣùgbọ́n táyà rẹ̀ funfun títí dé irin.

"Ẹran mélòó kan ni mo ń tọ́jú lójú ọ̀nà Onigbolo," Basile wí láti ẹnu ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni tó bi í.

*

Wọ́n hú ibojì náà ní ọ̀sán gangan. Oòrùn mú, ṣùgbọ́n abẹ́ igi gúáfà tutù, ẹyẹ kankan kò sì ké nínú rẹ̀. Dókítà Basile wá, ó fi aṣọ bo imú. Olóyè Raphaël kò jáde. Nínú ìdílé wọn, olówó ẹṣin kì í rí òkú ẹṣin rẹ̀.

Ohun tí ṣọ́bìrì kọ́kọ́ kàn ni aṣọ. Ìró obìnrin ni, aláwọ̀ búlúù, tó ní òdòdó pupa, wọ́n ti fà á ya sí méjì, ìdajì kan ni wọ́n fi bo òkú náà. Pacôme ká a sókè, ó sì fà sẹ́yìn kíá.

Ìjì kò ní ìdí mọ́. Ìrù rẹ̀ ti lọ, awọ ìbàdí rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì sì ti lọ pẹ̀lú ìrù náà. Ibi tí wọ́n ti bó o pupa, ó rọ́, ó dà bí ẹnu tó là sílẹ̀.

Àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ ju ṣọ́bìrì sílẹ̀.

"Mo mọ̀," Basile wí. "Májèlé kò tó Fẹ̀sọ̀jayé. Ó tún gé ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ ta fún àwọn tó ń fi ṣe ohun búburú. Ẹ rí ìdí tí ẹṣin náà kò fi lè sinmi."

Ọ̀rọ̀ náà fò kọjá ògiri. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo Sakété ni yóò ti gbọ́ ọ. Huguette mọ̀ pé bí adájọ́ bá gbọ́ ọ pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ Fẹ̀sọ̀jayé ti parí.

Àmọ́ òun kò tíì kúrò létí kòtò. Ó ń wo etí ibi tí ọ̀bẹ gbà. Ó tẹ́jú láìsí ibi tó ti fà ya. Ẹni tó gé e fara balẹ̀ bí ẹni tó ń gé irun ọmọ. Ó sì wo aṣọ náà.

"Olè tó ń jí ẹ̀yà ara," ó sọ fún Pacôme, "ṣé ó máa ń fi ìró ìyàwó rẹ̀ bo òkú?"

"Bó bá jẹ́ ìyàwó mi ni, Ṣẹ́fù, èmi gan-an ni yóò fi bò."

Huguette kò rẹ́rìn-ín, nítorí ohun mìíràn wà lọ́kàn rẹ̀. Àpá tí Basile ní kí àwọn wá wò, ara awọ tí wọ́n gé lọ ló wà. Bóyá dókítà mọ̀ pé awọ náà kò sí níbẹ̀ mọ́.

*

Fẹ̀sọ̀jayé jókòó sílẹ̀ nínú àtìmọ́lé, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ó ti rù. Irun ẹṣin ṣì wà lára ẹ̀wù rẹ̀.

"Ewé wo lo gún sínú oúnjẹ Ìjì?"

"Ewé ibà ni, Màmá. Irú èyí tí a máa ń fún àwọn ọmọ wa. Ara rẹ̀ gbóná jù."

"Ìwọ lo gé ìrù rẹ̀."

Ó dákẹ́.

"Ṣé o tà á ni?"

Ojú rẹ̀ le bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

"Bí o bá sọ ibi tó wà, ó ṣeé ṣe kí n yọ ọ́ kúrò níbí."

"Bí mo bá sọ, ẹ ó gbé e wá síwájú rẹ̀."

"Síwájú ta ni?"

Fẹ̀sọ̀jayé fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀.

Huguette fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó sọ fún un nípa ẹṣin tó wọlé ní funfun tó jáde ní dúdú. Kò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tí ọkùnrin náà fi dìde, tó di irin ilẹ̀kùn mú.

"Ẹsẹ̀ wo ló ń wọ́?"

"Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì."

"Ó dúró lórí rẹ̀?"

"Títí òjò fi dá."

Omijé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lójú Fẹ̀sọ̀jayé láìsí ariwo. "Ẹfúùfù ni. Ìyá Ìjì ni. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dára mọ́, Bàbá Olóyè tà á fún àwọn oníṣòwò ẹran. Wọ́n ní wọ́n ti pa á. Màmá, kò mọ ibòmíràn tí wọ́n ń pè ní ilé. Ilé ló wá."

*

Ní Ita-Djèbou, Arlette, ìyàwó Fẹ̀sọ̀jayé, ń fọ́n iná lábẹ́ ìkòkò. Ìró tó wà nídìí rẹ̀ búlúù ni, ó ní òdòdó pupa, ó sì kúrú. Ìdajì ìró ni.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyàwó," Huguette kí i. "Èéfín iná yín yìí pọ̀ o."

"Igi tútù ni, Màmá."

"Igi tútù ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn." Huguette wo òkè. Nínú èéfín, lábẹ́ òrùlé, ohun kan rọ̀ tí wọ́n fi ewé kókò dì. Ìṣù irun pupa kan yọ nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ń mì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé ẹni tó ni ín ṣì ń lé eṣinṣin.

Pacôme rí i, ó sì lọ dúró síta.

Arlette wó lulẹ̀ lórí orúnkún. "Ẹ má gbé e lọ. Ọmọ Ita-Djèbou ni yín, ẹ mọ̀ ọ́n."

Huguette mọ̀ ọ́n ní tòótọ́. Ó ti gbàgbé rẹ̀ láti ìgbà tó ti wọṣẹ́ ìjọba, ìgbà tí Arlette sọ ọ́ ló tó rántí. Ẹni tó bá tọ́ ẹṣin dàgbà ló ń gé ìrù rẹ̀ nígbà tó bá kú. Yóò gé e tòun ti awọ ìbàdí lọ́tùn-ún lósì, kí awọ náà lè tó bo èèkù. Orí ààrò tirẹ̀ ni yóò ti gbẹ. Ní ọjọ́ ọdún, yóò gbé e wá fún olówó ẹṣin ní ìrùkẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n olówó ẹṣin kò gbọ́dọ̀ fi ojú kàn án kó tó di ọjọ́ náà. Bó bá rí i ní tútù, ẹṣin mìíràn kò ní gbé ilé rẹ̀ mọ́ láé.

Nítorí náà ni Fẹ̀sọ̀jayé ṣe dákẹ́. Ọkùnrin tó ní kí wọ́n mú un, òun ló ń dáàbò bò. Dókítà Basile sì ti gbọ́ nípa awọ tí wọ́n ń gé, ó gbà pé ẹni tó gé e kò ní la ẹnu láé. Ìdí nìyẹn tó fi dá a lójú tó bẹ́ẹ̀ pé kí wọ́n hú òkú.

"Èmi nìkan ni yóò rí i," Huguette wí.

Ó tú ewé náà. Ó tẹ́ awọ sórí itan rẹ̀, ó fi ìka tọ irun lápá òsì, ó tọ ọ́ lápá ọ̀tún. Lẹ́yìn náà ó yí inú rẹ̀ síta, ó gbé e sójú oòrùn. Bí ọ̀bẹ bá ti wọ awọ rí, inú rẹ̀ yóò ní ìlà funfun tó le.

Awọ náà mọ́ lọ́tùn-ún, ó mọ́ lósì. Kò sí ọ̀bẹ tó kàn án rí nígbà ayé Ìjì.

"Pacôme," ó pè, "yí alùpùpù padà. Ká lọ wá ibi tí ọ̀rá náà ti wá."

*

Lójú ọ̀nà Onigbolo, àwọn ọkọ̀ tó ń kó òkúta ẹfun kọjá ti fi eruku bo ohun gbogbo. Òjò ìdájí kò dé ibẹ̀. Ewé igi funfun, ọ̀pẹ funfun, koríko funfun, gbogbo rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́ bí ohun tí wọ́n yà sórí ògiri. Ojú ẹsẹ̀ tó ń wọ́ ilẹ̀ yà wọ inú igbó, ó sì dúró lẹ́nu ilé kan tí kò ní fèrèsé. Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ti wó. Ìdajì okùn kan wà níbẹ̀ tí eyín ti jẹ já.

Ẹfúùfù ti padà sínú rẹ̀. Ó dúró nínú òkùnkùn, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, eruku tuntun ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í bò ó.

"Kí ló dé tó fi padà wá?" Pacôme béèrè, ohùn rẹ̀ kò jáde tán.

"Kò bá ẹni tó lọ wá nílé."

Grâce tó tẹ̀ lé wọn rọra súnmọ́ ẹṣin náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ìrù rẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì, wọ́n ti fá irun. Àpá wà níbẹ̀ ní ìlà-ìlà, èyí tó ti jinná, èyí tó ṣì pupa, èyí tí eṣinṣin ń bà lé. Gbogbo wọn gùn tó ìka ọwọ́.

Grâce gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó rí àwọn kòkòrò tí eṣinṣin igbó máa ń fi sínú ẹ̀jẹ̀ ẹran, wọ́n ń rìn kiri bí irun tó ya. Ibà, ìgbọ̀nrìrì, rírù. Ohun tó pa Ìjì nìyẹn.

*

Gbogbo wọn pé sí àgbàlá Olóyè Raphaël ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Huguette ti sọ ohun tó rí. Dókítà Basile gbọ́ ọ dópin, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́ rẹ̀.

"Mo ní ẹṣin kan tí mo ń tọ́jú. Ta ló ní kò dára? Àpá rẹ̀ kò sọ pé mo fi ọ̀rá rẹ̀ sí ara Ìjì. Ẹ ní ìrù kan lọ́wọ́ tí kò ní àpá. Ìrù ẹṣin wo? Ọjà kún fún ìrù. Fẹ̀sọ̀jayé lè rí òmíràn fi rọ́pò."

Òtítọ́ ni. Huguette mọ̀ pé òtítọ́ ni kó tó wá. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò ṣe ojúsàájú fún Fẹ̀sọ̀jayé ló lè sọ bí ìrù náà bá jẹ́ ti Ìjì, ẹni náà ni kò sì gbọ́dọ̀ rí i.

"Bàbá," ó yíjú sí Olóyè, "ìrù Ìjì wà nínú àpò tí mo gbé dání yìí. Fẹ̀sọ̀jayé yàn láti lọ sẹ́wọ̀n ju kí ẹ fi ojú kàn án lọ. Mi ò ní yọ ọ́ jáde bí ẹ kò bá ní kí n yọ ọ́."

Ọkùnrin ńlá náà gbé ojú kúrò lára àpò náà. "Òun ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kò sọ ọ́. Ó dákẹ́ ni."

Olóyè Raphaël dìde. Ó yí ẹ̀yìn padà sí wọn, ó dojú kọ ògiri, ó sì di ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, àtẹ́lẹwọ́ sókè, bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fún ní nǹkan.

Huguette gbé ìrù náà lé e lọ́wọ́.

Ìka Olóyè rìn nínú irun náà díẹ̀díẹ̀, ó ń tẹ egungun inú rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé òpin, ó dúró. Egungun náà wọ́ níbẹ̀, ó ní kókó bí orúnkún ọmọdé.

"Ilẹ̀kùn," ó wí. "Nígbà tó ṣì kéré. Èmi fúnra mi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ní ìrù. Ó ké títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìjì ni."

Ìka rẹ̀ tún gòkè padà, ó dé orí awọ. Ó fi àtàǹpàkò tọ apá òsì, ó tọ apá ọ̀tún, ó padà sí apá òsì. Ó ń wá nǹkan. Kò ṣí ojú.

"Dókítà," ó wí sí ògiri, "níbo ni àpá náà wà?"

Basile wo ẹnu ọ̀nà. Pacôme ti dúró síbẹ̀.

"Ẹṣin pọ̀ tí iṣan wọn já," dókítà sọ níkẹyìn, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Títí dé òkè ọya. Bí mo bá ní kí n máa gé ti kálukú, kí n máa dúró de lábò, ẹsẹ̀ wọn yóò ti bàjẹ́. Abo kan ṣoṣo, tí mo rà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹran, tó fún gbogbo wọn. Ó ń rù, mo rò pé ọjọ́ ogbó ni. Mi ò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò."

"Ẹṣin mélòó lẹ ti fún?" Grâce béèrè.

Basile ń wo ọwọ́ rẹ̀ tó mọ́ tónítóní.

Wọ́n mú un lọ. Grâce bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn olówó ẹṣin lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi wọ́n bóyá ẹṣin wọn ń gbóná. Kí oòrùn tó wọ̀, Fẹ̀sọ̀jayé ti dé sí Sakété lórí alùpùpù Pacôme. Ó bọ́ sílẹ̀, kò mọ ibi tí yóò gbé ojú sí.

"O tọ́jú rẹ̀ láti kékeré," Olóyè wí fún un. "O kò rí i pé kò ní àpá?"

"Mo rí i, Bàbá. Mo rò pé bí oògùn òyìnbó ṣe ń ṣe nìyẹn, pé ó máa ń pa àpá rẹ̀ rẹ́."

"Kí ló dé tí o kò sọ ibi tí ìrù wà?"

"Ẹ̀yin ìbá rí i."

Olóyè Raphaël di apá ọkùnrin náà mú.

Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ṣáá. Ṣáá. Grâce ti sọ pé àrùn náà ní oògùn, pé kò sí ìdí tí wọn yóò fi pa Ẹfúùfù, ó sì fi í ránṣẹ́ sílé. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí wọ́n ní kó fà á wá ṣì wà lókèèrè lójú títì, okùn òfìfo lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹfúùfù wọlé ní funfun. Ó kọjá níwájú gbogbo wọn, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, ó sì lọ dúró lábẹ́ igi gúáfà, ní ibi gbígbẹ náà gan-an. Kò sí òjò. Fẹ̀sọ̀jayé bu omi sínú korobá, ó mú kànrìnkàn, ó sì lọ bá a, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ eruku náà kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di dúdú.